Ó Ti Tutù

Gbogbo ẹni tó bá ṣiṣẹ́ nílé ìdánwò yẹn rí ló mọ̀ pé ọwọ́ Màmá Olóoru gbọ́n ju irinṣẹ́ lọ. Kí kọ̀ǹpútà tó sọ bí ara òun ṣe gbóná tó, màmá á ti sọ ọ́. Á na ọwọ́ ọ̀tún, á fi ẹ̀yìn ìka méjì kan irin náà fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìyá tó ń wò ó bóyá ibà wà lára ọmọ, á ní, "Méjìlélọ́gọ́ta." Ẹni tó bá sáré lọ wo ojú kọ̀ǹpútà á bá méjìlélọ́gọ́ta níbẹ̀, tàbí mọ́kànlélọ́gọ́ta bí irin náà bá fẹ́ ṣagídí. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Nígbà tó yá, ẹni tó ń kọ ìwé ìwọlé lẹ́nu ọ̀nà pàápàá kò fi orúkọ mìíràn kọ ọ́ mọ́.

Iṣẹ́ ilé náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Ẹni tó bá fẹ́ ra ohun èlò kọ̀ǹpútà lọ́pọ̀ yanturu á kọ́kọ́ gbé ẹyọ kan wá síbẹ̀. Wọ́n á fi ojú rẹ̀ rí màbo fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á wá kọ ìwé: ó yege, tàbí kò yege. Olóoru ti wà lẹ́nu rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ìyá Ọ̀gá ló ni ilé iṣẹ́, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì ń rá kiri lábẹ́ tábìlì, ó ń wá ohun tó máa kì bọ ẹnu. Nítorí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló jókòó sórí àga ńlá báyìí, "ẹ" ló ń fi pe màmá, ó sì ń dìde bó bá wọlé.

Ó dìde láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí màmá padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ìrọ́jú. Ṣé ẹ ti le ṣiṣẹ́ báyìí?"

"Mo le."

"Oṣù mẹ́ta ni ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí o. Ẹnikẹ́ni ò lé yín."

"Mo ní mo le."

Ọ̀gá wò ó. Ó rí aṣọ tó mọ́, bàtà tó ń dán, irun tí wọ́n dì dáadáa. Kò rí nǹkan kan tó lè tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dàgbà lábẹ́ tábìlì rẹ̀ ni, ó mọ ojú náà ṣáájú, ojú náà kò sì sí nílé.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí," ló wí. "Ẹ̀rọ amútutù olómi kan wà nílẹ̀. Ilé ìwòsàn kan fẹ́ fi irú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ọgọ́rin tí wọ́n fi ń wo àwòrán egungun. Ẹ̀yin àti Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ẹ bá mi dán an wò. Bó bá lọ láìsí àṣìṣe láti ọwọ́ yín, mi ò ní dárúkọ ìsinmi mọ́. Bó bá rí bákan, ẹ máa lọ sílé fún oṣù mẹ́ta gbáko, ẹ ò sì ní bá mi jà."

"Ó dáa," ni màmá wí.

Ilé gan-an ló ń sá fún. Kì í ṣe alẹ́ ilé náà. Alẹ́ kò burú. Á dé ní aago méje, á mu tíì, á sùn. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ti ń bá a lójú ọ̀nà. Ọ̀sán ilé náà ni kò lè kojú. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì kúrò nídìí bọ́ọ̀sì wíwà, òun ló ni ọ̀sán ibẹ̀. Òun ló mọ ìgbà tí omi ẹ̀rọ máa ń wá, òun ló mọ ìlẹ̀kùn tó ń dún àti ọmọ aládùúgbò tó ń sunkún. Obìnrin náà kò mọ ọ̀sán ilé ara rẹ̀, àfi ti ọjọ́ Ìsinmi, èyí sì yàtọ̀ gedegbe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bá a gbé, ariwo ọmọ-ọmọ sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ, ó gbìyànjú ọ̀sán kan péré. Ṣe ló lọ jókòó sí ibùdókọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ló bá ọkọ rẹ̀ lórí àga, tí rédíò ń sọ̀rọ̀ sí i. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó fi ẹ̀yìn ìka méjì kan iwájú orí rẹ̀. Ọwọ́ náà, tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, sì sọ iye: mẹ́rìnlélógún. Bákan náà pẹ̀lú yàrá.

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó kan ife tíì, kò sọ. Ó kan omi ìwẹ̀, kò sọ. Àwọn tó wá kí i ní kó sunkún kó lè fúyẹ́, ó ní òun ń bọ̀ wá sun ún, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun parí èyí tó wà lọ́wọ́. Ara rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tó fi kú: ẹni tó ni í ń rí i, ó lè fọwọ́ gbé e, ṣùgbọ́n bí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́, ẹlòmíràn ló jẹ. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ta ni ó máa sọ ọ́ fún? Olóoru tí kò mọ ooru mọ́, ṣé kì í ṣe adẹ́tẹ̀ tó ń ta òrùka nìyẹn?

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti tú ẹ̀rọ náà sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tó lé lógójì ọdún díẹ̀ ni, bàbá ọmọ mẹ́rin, ọwọ́ rẹ̀ já fáfá bí ẹnu rẹ̀. Ọdún kẹsàn-án tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nìyẹn.

"Màmá mi àtàtà! Ẹ wá wo arẹwà o." Ó gbé e sókè. Ojú bàbà róbótó kan, rọ́bà dúdú méjì, àti rèdíétọ̀ pẹlẹbẹ tó gùn bí ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé, tó ru fáànù mẹ́ta. "Ojú bàbà yìí máa lẹ̀ mọ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Omi á gba rọ́bà yìí gbé ooru lọ síbi fáànù, á gba ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà wá. Àwọn tó ṣe é ti rọ omi sí i tán pátápátá. A kì í ṣí i, a kì í bu kún un. Àní gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀kan ṣoṣo, bí èmi àti ìyàwó mi lójú ìyá ìyàwó mi."

"Lójú ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ìyẹn ṣì ń dán mi wò. Ó ní bí mo bá sùn tán, ẹnu mi á máa ṣe ofatáìmù."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Màmá mọ ibi tó yẹ kí òun ti rẹ́rìn-ín, ó sì rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Wọ́n nu ojú bàbà. Wọ́n fi ìpara tó tó ìwọ̀n ẹ̀wà kan sáàárín òun àti ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Wọ́n de síkúrù mẹ́rin ní ìgun sí ìgun, díẹ̀díẹ̀, kó má bàa fì sápá kan. Nígbà tí wọ́n tan án tó sì ti ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yẹ̀ kúrò lọ́nà, ó tẹrí ba díẹ̀ bí ẹni tó ń ṣí ìlẹ̀kùn fún àlejò pàtàkì.

"Màmá, ẹ bá wa fọwọ́ kàn án."

Màmá na ọwọ́. Irin ni. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà láti ẹ̀gbẹ́ ojú, ó ní, "Méjìdínláàádọ́rin."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rí ibi tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ yà sí. Ó ní, "Géérégé," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ sínú àpótí.

Yàrá méjì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò gan-an. Yàrá inú kéré, kò ní fèrèsé. Ẹ̀rọ kan ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ kó má kúrò ní dígírì mẹ́rìnlélógún. Ẹnì kan ni í máa ń wà níbẹ̀, ìlẹ̀kùn kì í sì í ṣí títí ìpele kan á fi parí, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá tẹ̀ lé ènìyàn wọlé á ba iye jẹ́. Yàrá òde ni ẹnì kejì ń jókòó sí. Ọwọ́ tirẹ̀ ni bọ́tìnì iná wà àti bọ́tìnì iṣẹ́, iwájú rẹ̀ ni iye ooru àti ìlà ń hàn sí. Lára ògiri tó pín yàrá méjèèjì níyà, ihò kan wà tó tó ẹnu ife, tí wáyà ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ara wọn.

Ìpè wọn kò pọ̀. Bí wọ́n bá ti kó iṣẹ́ wúwo lé kọ̀ǹpútà lórí fún wákàtí kan, wọ́n á kó o kúrò, wọ́n á dúró kó rọlẹ̀. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà máa ń tètè rọlẹ̀. Omi inú rọ́bà ni kì í yára, iye tó sì ń hàn níta kò sọ ti omi. Ẹni inú á máa fọwọ́ kan rọ́bà. Bó bá ti bọ́ sípò, á pariwo gba ihò: "Ó ti tutù o!" Ẹni òde á wo iye tiwájú rẹ̀. Bí òun náà bá rí i pé ó ti wálẹ̀, á dáhùn: "Ó dáa!" Á tẹ bọ́tìnì, iṣẹ́ tó wúwo ju ti ìṣáájú á bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì, ọwọ́ kan àti ojú kan. Ìpele mẹ́wàá ni.

Ọjọ́ Ajé kọjá, wọ́n ṣe mẹ́ta. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ṣe mẹ́ta. Ìpè ń lọ, ìpè ń bọ̀, kò sí àṣìṣe kankan. Ọ̀gá yọjú lẹ́ẹ̀kan, ó wo ìlà, ó mi orí. Bí màmá ṣe rí i tó ń mi orí, ó mọ̀ pé ó yẹ kí inú òun dùn. Ó mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé òní ni ọjọ́ báyìí nínú oṣù.

Àárọ̀ Ọjọ́rú, aago mọ́kànlá ti kọjá díẹ̀, ìpele keje ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wà nínú, màmá wà ní òde. Ó ti tẹ bọ́tìnì láti kó iṣẹ́ kúrò, ó ń wo iye tó ń bọ̀ wálẹ̀: ọgọ́rin, mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, mẹ́rìnléláàádọ́rin. Ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, iye náà kọ́rí sókè. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Méjìdínláàádọ́rùn-ún. Láìsí iṣẹ́ kankan lórí rẹ̀.

Màmá rí i. Ojú rẹ̀ kò fọ́, oorun kò kùn ún. Ó rí nọ́ńbà náà bó ṣe ń rí nọ́ńbà ilé tó wà ní òdì-kejì títì, ilé tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Màmá!" ni ohùn wá láti inú ihò. "Ó ti tutù o!"

Èdè wa mà lówó lọ́wọ́. Oríṣiríṣi orúkọ ló ní fún ìrìn tí ènìyàn ń rìn, àtèyí tó ń fẹ̀ àtèyí tó ń yọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ omi, ahun ṣe é. Aṣọ tí òjò pa, ó tutù. Tíì tí a gbàgbé sórí tábìlì, ó tutù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tí a ń wí, kó wo ohun tó wà nílẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ wà níwájú Màmá Olóoru, pupa, ó ń ṣẹ́jú: méjìdínláàádọ́rùn-ún.

"Ó dáa!" ló dáhùn, ó sì tẹ bọ́tìnì iṣẹ́ kẹjọ.

Nínú lọ́hùn-ún, omi ni Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń wí. Ó ti gbọ́ tí ẹ̀rọ náà ń dún gọ̀lọ̀gọ̀lọ̀ bí ikùn ẹni tí ebi ń pa. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó rí i tí ọrùn rọ́bà kan ti tutù rinrin, tí ẹ̀kán omi sì gbé ara kọ́ lókè pátákó kọ̀ǹpútà. Ó pariwo. Ó gbọ́ "Ó dáa!" Ó gbà pé màmá ti yọ iná, nítorí kí ni ẹni tó ní bọ́tìnì lọ́wọ́ tún máa ṣe? Ó fa bébà ìnuwọ́ yọ, ó fi di ọrùn rọ́bà náà mú kó lè nù ún.

Kò pẹ́ tí ooru fi dé. Rọ́bà yọ kúrò lọ́rùn, omi gbígbóná fọ́n sí i lọ́wọ́, ìyókù dà sórí pátákó. Iná ṣẹ́ páù.

"Yéè! Màmá, ẹ pa á! Ẹ pa á!"

Màmá pa á. Ó dìde, ó ṣí ìlẹ̀kùn tí a kì í ṣí. Èéfín rú jáde, tòun ti òórùn ike tó jóná. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ di ọwọ́ òsì mú, ó ń fò sókè sódò, ojú rẹ̀ pọ́n, ẹnu rẹ̀ sì ń lọ: "Mo kú o, ọwọ́ tí mo fi ń jẹun kọ́ o, ọpẹ́ ni, yéè, ọpẹ́ ni!"

Ó fà á lọ síbi omi ẹ̀rọ, ó na ọwọ́ náà sábẹ́ rẹ̀. Ìka mẹ́ta ti pọ́n, ọ̀kan ti ń lé. Omi ń dà lé ọwọ́ àwọn méjèèjì. Màmá kò lè sọ irú omi tó jẹ́.

"Ṣé ó tutù?" ló bi í.

"Omi wo ni kì í tutù, Màmá?" Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láàárín ìrora. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà já. Ó yíjú sí i. "Màmá. Nígbà tí mo ní ó ti tutù, kí lẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́ pé ó ti tutù."

"Omi ni mo ní o. Mo ní rọ́bà ń sun omi."

Omi ẹ̀rọ ń dà. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò pa á.

"Èmi náà gbọ́ 'ó dáa'," ni Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wí, jẹ́ẹ́. "Mo ní, a, màmá ti yọ iná."

Ọ̀gá ti gbọ́ òórùn láti ọ́fíìsì rẹ̀. Ó dé, ó wo yàrá inú, ó wo ọwọ́ tí màmá ń fi báńdéèjì wé. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Màmá ya ẹnu, ṣùgbọ́n ta ló lè sáré ju Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lọ nídìí ọ̀rọ̀?

"Ẹnu mi ni, Ọ̀gá. Èmi ni mo jẹ̀bi. Rọ́bà ń jò, dípò kí n ní 'ó ń jò', mo ní 'ó ti tutù'. Màmá gbọ́ ohun tí a máa ń wí lójoojúmọ́, wọ́n sì ṣe ohun tí a máa ń ṣe lójoojúmọ́. Ẹjọ́ wọn kò sí níbẹ̀ rárá."

"Ìwọ," ni Ọ̀gá wí, "ìwọ tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ. Ọjọ́ tí a nílò ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lo lọ yan èyí tí kì í ṣe é?"

"Bó ṣe rí nìyẹn, Ọ̀gá."

"Ká ní ẹ̀yìn ọrùn rẹ ló fọ́n sí ńkọ́? Ká ní ojú ni?" Ẹ̀rù ló di ìbínú. "Mi ò lè fi ẹ́ sílẹ̀ ní yàrá yẹn mọ́. Láti ọ̀la, lọ máa di páálí nísàlẹ̀. Páálí kì í ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tẹrí ba. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ́ iṣẹ́ yẹn. "Ẹ ṣé, Ọ̀gá."

"Màmá, ẹ kú ewu," ni Ọ̀gá wí, ó yí sí i. "Ẹ̀yin ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rọ mìíràn wà nínú àpótí, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́la. Màá wá ẹni tó máa bá yín wà nínú."

Ọ̀nà là sílẹ̀ gbọnrangandan. Tábìlì rẹ̀ wà níbẹ̀, àga rẹ̀ wà níbẹ̀, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ọ̀la wà níbẹ̀. Kò sí ohun tó kù fún un ju kó dákẹ́ lọ, bẹ́ẹ̀ dídákẹ́ ni iṣẹ́ tó mọ̀ jù láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn. Ó dúró, ó ń retí kí àánú ọkùnrin náà ṣe òun, tàbí kí ìtìjú mú òun. Èyíkéyìí kò wá. Ohun tó wá kéré ju ìyẹn lọ. Iye kan wà nínú kọ̀ǹpútà òde tí kò bá ohun tí wọ́n ń wí mu, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sì ni kò tíì fi irú iye bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rí láìfọwọ́ tọ́ka sí i.

"Ọ̀gá, ẹ wo ìlà."

"Ìlà wo, Màmá?"

"Ìlà ooru. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ tí kò ṣe é. "Màmá, ẹ jẹ́ kí Ọ̀gá sinmi, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀..."

"Dákẹ́ ná, ìwọ," ni màmá wí.

Ọ̀gá tẹ̀ síwájú tábìlì òde. Ó fa ìlà náà padà sẹ́yìn. Ó wò ó pẹ́.

"Èló lẹ rí níbẹ̀?" ni màmá bi í.

"Méjìdínláàádọ́rùn-ún."

"Ṣé ó ń lọ sókè ni, àbí ó ń bọ̀ wálẹ̀?"

"Ó ń lọ sókè."

"Kí ni mo tẹ̀?"

Ọ̀gá fi ìka tọ́ ọ. Ó wà lójú kọ̀ǹpútà, ìlà tín-ínrín kan tó dúró ṣánṣán: iṣẹ́ kẹjọ.

"Ẹni tó bá rí méjìdínláàádọ́rùn-ún kò lè gbọ́ pé nǹkan ti rọlẹ̀," ni màmá wí. "Ohun tí ọkùnrin yìí wí dáa. Ì bá wí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ì bá wí kéré sí i, ojú ni wọ́n fi èmi ṣe níbí. Mo rí i."

"Bóyá ẹ ò wò ó dáadáa, Màmá." Ọ̀gá ń ṣí ìlẹ̀kùn mìíràn fún un, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bẹ̀ ẹ́.

"Mo wò ó dáadáa."

"Kí ló wá dé?"

"Kò sí ohun tó dé. Mo rí i, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan." Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. "Èyí náà kò mọ ooru mọ́. Láti ọjọ́ tí bàbá àwọn ọmọ ti lọ. Láti Ọjọ́ Ajé, kọ̀ǹpútà ni mo ń wò kí n tó sọ̀rọ̀."

Ọ̀gá jókòó sórí àga ẹni òde. Ọkùnrin ńlá ni, ṣùgbọ́n bó ṣe jókòó yẹn, ó tún kéré. Ó nu ojú rẹ̀ látòkè délẹ̀.

"Oṣù mẹ́ta, Màmá."

"Mo gbọ́."

"Àga yìí ń dúró dè yín. Mo fi orúkọ ìyá mi búra."

"Mo gbọ́. Páálí ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó ń lọ sídìí páálí."

Màmá fa ìwé ìdánwò sún mọ́ ara rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ẹ̀rọ náà kò yege. Ó kọ ọ́ pé ọrùn rọ́bà jò lẹ́yìn ìpele keje, pé irú rẹ̀ kò yẹ nínú ilé ìwòsàn. Nísàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé olùdánwò òde tẹ ìpele kẹjọ nígbà tí kò yẹ, ó sì fọwọ́ sí i. Aago kan kò tíì lù nígbà tó gbé àpò rẹ̀.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sìn ín dé ibùdókọ̀, báńdéèjì funfun lọ́wọ́ òsì bí ẹni tó gbé ẹyin dání.

"Ẹ ṣeun o, Màmá," ló wí nígbà tó yá, inú rẹ̀ kò sì dùn. "Mo ti gbé gbogbo rẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ dá a padà sí mi lójú Ọ̀gá. Ta ni í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀bùn?"

"Ìwọ lo ni ọwọ́ tó jó."

"Ọwọ́ á jinná. Ẹ̀yin, sílé! Ṣé mi ò mọ̀ ni? Ẹ rò pé mi ò rí yín lọ́jọ́ yẹn ní ibùdókọ̀ yìí, tí ẹ jókòó láti ọ̀sán, tí bọ́ọ̀sì mẹ́fà kọjá?"

Màmá kò mọ̀ pé ó rí òun. "O ò sọ̀rọ̀," ló wí.

"Èmi náà máa ń dákẹ́, ó kàn jẹ́ pé wọn kì í rí mi níbẹ̀ ni." Ó yọ òwú kan kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Ọ̀gá ti ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe 'tutù' ní yàrá yẹn mọ́. Ó ń jò, tàbí ó rọlẹ̀. Ẹni tó bá pe 'tutù' máa ra búrẹ́dì fún gbogbo ilé. Màmá, oṣù mẹ́ta yín yìí, ebi ò ní pa àwọn èèyàn yẹn. Ẹ mọ ẹnu mi."

Màmá rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín, ó ti kọjá ibi tó yẹ kó wà.

Bọ́ọ̀sì dé. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fi ọwọ́ tó yè dì í mú ní ìgbọ̀nwọ́ títí ó fi gòkè. "Ìyàwó mi máa wá kí yín lọ́jọ́ Ẹtì," ló kígbe láti ìsàlẹ̀. "Ní ọ̀sán o! Ẹ má lọ ibì kankan!"

Àga pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì nírú wákàtí bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Títì tó mọ̀ nínú òkùnkùn ìdájí àti nínú iná ìrọ̀lẹ́ ń kọjá lọ, gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ó sì jọ pé ó kéré ju bó ṣe rò lọ. Bọ́ọ̀sì dúró síbi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé, ó fi kọ́kọ́rọ́ wá ihò ìlẹ̀kùn fún ìgbà díẹ̀, nítorí kò mọ bó ṣe rí ní ọ̀sán. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa fọwọ́ wá a. Ó ṣí i. Ìmọ́lẹ̀ wà ní gbogbo pálọ̀. Níbì kan lápá ẹ̀yìn, omi ẹ̀rọ ń kán sínú agbada.

"Ẹ kú ilé o," ni ẹnu rẹ̀ wí.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún nìyẹn tó ti ń wọlé láìkí ẹnikẹ́ni. Ó dúró sí ẹnu ìlẹ̀kùn, àpò lọ́wọ́, fún ìwọ̀nba ìgbà tí "káàbọ̀" máa ń gbà. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ bàtà, ó wọlé lọ pa omi náà.